Ẹni Tí Yóò Di Ọ̀pá Mú

Igi ọ̀pá náà dúdú, ó ń dán, ẹsẹ̀ méjì ló ní. Bí a bá pa á dé, èèyàn á rò pé ọ̀pá ìtìlẹ̀ lásán ni. Bí a bá ṣí i, ẹsẹ̀ méjèèjì á yà gbàgà bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ da gọ́tà kọjá. Idẹ ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ lókè, idẹ náà ni wọ́n fi bọ ìdí wọn nísàlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín tó ń dá wọn dúró síbi tí a bá fẹ́: ínṣì 21 fún ìgbésẹ̀ kúkúrú, 30 fún ìgbésẹ̀ tí ọlọ́pàá ń gbé lórí pápá, 40 fún ìgbà tí wọ́n bá ń sáré. Bàbá tó ni ín kì í wo irin náà rárá. Ó fi àtàǹpàkò tì í, mo gbọ́ "kẹ̀", ó ti dé orí 30.

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì la wà, àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún ni, lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ń wo àpáta Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán. Òjò rọ̀ lóru. Ilẹ̀ pupa náà ti mu omi díẹ̀, kò tíì di ẹrẹ̀. Bàbá ní irú ilẹ̀ yìí ló wu òun jù, nítorí kì í gbàgbé ojú ẹsẹ̀.

Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ipò ínsípẹ́kítọ̀ ló wà kó tó lọ sílé, ṣùgbọ́n kíkọ́ni ní yíyan ló fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ó sì kọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ ní ibùdó wọn tó wà lápá Ìṣẹ̀ sí Ẹmùrẹ́, níbi tí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí òmíràn nínú wọn ò yan rí láyé, ti ń kọ́ láti rìn bí ẹnì kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ 21. Ní báyìí, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní yíyan mọ́. Àwọn tí yóò máa kọ́ni ló ń bá wọn yàn. Yan, yàn: ohùn kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu wa, iṣẹ́ méjèèjì sì jìnnà síra ju bí ẹnu ti sún wọn mọ́ra lọ.

Mẹ́rin ló wá bá a lónìí, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan, ọlọ́pàá ni gbogbo wọn, wọ́n fẹ́ lọ ṣe kọ́ọ̀sì olùkọ́ni. Bàbá kò láṣẹ lórí ẹni tí wọn yóò mú. Àwọn ọ̀gá wọn ló ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà ti kọjá lábẹ́ ọ̀pá yìí rí, ó sì máa ń pè é lórí fóònù pé, "Bàbá, ta lẹ rí?" Kí wọ́n lè rí ẹni tí wọn yóò fi dánra wò, ilé-ẹ̀kọ́ náà yá wọn ní ọmọ 24 tó ń múra sílẹ̀ fún yíyan Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún. Àwọn ọmọ náà ti tò sí ìlà mẹ́ta, ẹni mẹ́jọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi bàtà kanfáàsì kan gbo ilẹ̀ pupa kúrò lára èkejì.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti etí pápá. Ó dúró ṣinṣin, ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìka mẹ́ta lórí idẹ òkè. Ó gbéra. Bí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti jáde ni ìka rẹ̀ yí orí ọ̀pá, ẹsẹ̀ ọ̀pá tó wà lẹ́yìn fò wá síwájú, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún yí i, èyí tó kù fò kọjá, òun náà sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pá ń rìn, ọkùnrin ń rìn, kò sí èyí tó ń dúró de èkejì. Ojú rẹ̀ ò wo ilẹ̀. Nígbà tó fi dé ìpẹ̀kun pápá tó yíjú padà, ihò kéékèèké ti tò sórí ilẹ̀ tútù náà, ìlà wọn gún bí okùn tí a fà le, ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì.

"Ẹ máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ẹni àkọ́kọ́ ga, ó wuyì lójú, ìlà tó fi áyọ́ọ̀nù pa sí ṣòkòtò rẹ̀ mú bí abẹ. Mo wò ó títí, mi ò rí àléébù kan. Ìgbà tó kọjá tán ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi ìka wọn ilẹ̀ láti ihò dé ojú gìgísẹ̀. Ní ihò karùn-ún, gìgísẹ̀ fi ìka kan ṣáájú ihò. Ní ìkẹwàá, ìka mẹ́rin. Ní ogún, ó ti di àtẹ́lẹwọ́ kan gbáko. Ẹsẹ̀ gígùn ló ń tan ẹni tó ni ín. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣáájú ọ̀wọ́ kan, àwọn kúkúrú tó wà lẹ́yìn á máa fò tẹ̀ lé e, ìlà á sì ti fọ́ kí wọ́n tó dé iwájú àlejò pàtàkì. Ẹni kejì kò ga, ó mọ̀ pé òun ò ga, ó sì ń fi ìbàdí yọ́ ìgbésẹ̀ jalè, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ru omi. Ẹni kẹta bọ́ sí ojú ihò dáadáa títí ó fi dé òpin, kò yára, kò falẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

Obìnrin náà ló kẹ́yìn. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń bọ́ sójú rírán. Ó dé ihò kẹrìnlá, ó dúró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ihò yìí ò tọ́."

Bàbá gbé ọ̀pá wá. Ó ti ẹsẹ̀ kan bọ ihò kẹtàlá, ó na èkejì. Òótọ́ ni: ó fi bí ínṣì kan yà. Ó fi ìdí ọ̀pá tú ilẹ̀ ibẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ kan wà lábẹ́ tó ti ìdí idẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Kò yin ọmọbìnrin náà. Ó ṣáà fi ẹsẹ̀ yọ òkúta náà kúrò, ó ní kó máa bọ̀.

Àwọn oníbọn ńlá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ lo irú ọ̀pá yìí, wọ́n fi ń wọn àyè tó wà láàárín ìbọn kan àti ìkejì. Lẹ́yìn náà ló di ti olùkọ́ yíyan. Ó bá ohun kan nílẹ̀ ní tiwa, nítorí kí ọ̀pá yìí tó dé ọwọ́ ọlọ́pàá la ti ń pe ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀: ẹni tó ní ọ̀pá. Àwọn akódà, ọlọ́pàá ìgbà ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú wà títí tí wọ́n fi pa wọ́n rẹ́ mọ́ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn ìdìtẹ̀ gbàjọba ọdún 1966. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930 ni ọlọ́pàá Gúúsù àti ti Àríwá di ọ̀kan ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, òfin yí padà, aṣọ yí padà, ìgbésẹ̀ ò kúrò ní ínṣì 30.

Ìwọ̀n kejì ni àkókò. Ìgbésẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ ọ́ pọ̀ mọ́ ìwọ̀n ọ̀pá, ọ̀wọ́ tó ń yan bó ti yẹ á rin 300 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan. Bàbá ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan dijú, kó máa pàtẹ́wọ́ ní ìwọ̀n yẹn, òun sì ń wo ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá aago rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ omi. Ẹni tí yóò kọ́ni ní láti gbé onílù náà sínú ara rẹ̀, torí kò sí ẹni tí yóò máa lù ú fún un. Ẹni kẹta, ọkùnrin olójú rírọ̀ náà, pàtẹ́wọ́ 120 gééré. Obìnrin náà pa 124. Ó la ojú, ó gbọ́ iye náà, ó dijú padà láìsọ ohunkóhun, ó tún un ṣe.

Mo ti béèrè lọ́wọ́ Bàbá tẹ́lẹ̀ ìdí tí wọn ò fi kàn mú ẹni tó bá ń yan dáadáa jù nínú ọ̀wọ́, kí wọ́n sọ ọ́ di olùkọ́. Ó ní ẹni tó ń yan dáadáa ń gbọ́ ara rẹ̀, olùkọ́ ní láti gbọ́ ẹlòmíràn. Ó tún ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yan dáadáa kò mọ ohun tí ara wọn ń ṣe. Ó wá bẹ́ẹ̀ fún wọn ni, bí wọ́n bá sì bá ẹni tí kò wá bẹ́ẹ̀ fún pàdé, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n pariwo lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ohun kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, tẹlifíṣọ̀n Channels fi àwòrán ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá Ìkẹjà hàn gbogbo ayé, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ láìránṣẹ́ ṣáájú. Òrùlé, ibùsùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni gbogbo wa ń sọ. Èmi náà sọ ọ́, ó sì tó ohun tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n mi ò rántí pé mo béèrè lọ́jọ́ náà pé ta ló ń dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn láàárọ̀, ta ló yàn án, kí ni wọ́n wò lára rẹ̀ kí wọ́n tó yàn án. Bí ó ti rí ní Ìkẹjà náà ló rí ní Kàdúná, Máídúgùrì àti Oji River, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní Òyìn-Àkókó tí kò jìnnà sí wa àti ní Ìlá-Ọ̀ràngún níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá kògbéregbè: níbikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọlọ́pàá, ẹnì kan ti kọ́kọ́ kọ́ ẹni tó ń kọ́ wọn.

Ohùn ló kàn. Bàbá kó àwọn ọmọ 24 lọ sí ìpẹ̀kun pápá, ó fi ìgbésẹ̀ 100 wọn àyè sáàárín wọn àti àwọn olùdíje. Láti ibẹ̀ ni ẹni kọ̀ọ̀kan yóò ti máa pàṣẹ. Àṣẹ kan ní apá méjì. Ti àkọ́kọ́ gùn, ó ń kìlọ̀, a ń fà á bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò: "Kúíííkì…" Ti ìkejì kúrú, òun ló ń mú kí ara ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ já bí okùn ìlù tó gé: "Máàṣì!" Láàárín méjèèjì, àlàfo kan wà tó dákẹ́. Nínú àlàfo yẹn ni ọmọ 24 ti ń mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ tó bá fò ó kọjá á rí ẹsẹ̀ 24 tó gbéra ní ìgbà 24.

Ọkùnrin tó ga náà fi ọ̀fun pariwo, a gbọ́ ọ dé ojú títì. Ní ìgbà kẹrin ohùn ti ń ha. Bàbá lọ bá a, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn ara rẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ ìhà, ó ní kí òun náà fi sí tirẹ̀. "Ibí ni kó ti jáde. Ọ̀fun kàn ń jẹ́ kó kọjá ni." Wọ́n dúró báyìí, ọkùnrin méjì tí oníkálukú wọn fọwọ́ lé ikùn bí ẹni tí ebi ń pa, wọ́n ń sọ "hán, hán, hán" ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, títí ikùn ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Nígbà tó tún pàṣẹ, kò pariwo tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní ìpẹ̀kun gbọ́ ọ, wọ́n gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Àṣẹ ìdúró ló ṣòro jù. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ nígbà tí gìgísẹ̀ òsì bá kan ilẹ̀. Ọ̀tún á gbé ìgbésẹ̀ kan sí i, òsì á dúró, ọ̀tún á wá pàdé rẹ̀. Bí o bá pè é lórí ẹsẹ̀ òdì, àwọn kan á gbọ́ràn, àwọn kan á ṣe ohun tó tọ́, ìlà á sì dàrú. Lókèèrè, ìṣòro mìíràn tún wà. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbésẹ̀ 100 tó mítà 76. Ṣírò rẹ̀: kí "Họ́ọ̀tì!" tó dé etí àwọn ọmọ yẹn, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdajì ìgbésẹ̀ kan. Ojú olùkọ́ rí òsì tó ń kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dúró di ìgbà tó rí i kó tó pè, ó ti pẹ́ jù.

Bàbá kò sọ ìṣírò yìí fún wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n máa kùnà. Obìnrin náà pè é lórí òsì gan-an, bó ti tọ́ nínú ìwé, ìlà fọ́. Ó tún un pè, ìlà fọ́. Ó ká ọwọ́, ó ń ronú. Ọkùnrin olójú rírọ̀ ló kọ́kọ́ rí i mú. Ó pè é nígbà tí ẹsẹ̀ òsì ṣì wà lójú afẹ́fẹ́, ọmọ 24 sì dúró, gbì-gbì, ìró kan tó tẹ̀ lé ìró kan. Mo bi í lẹ́yìn náà bó ṣe mọ̀. Ó ní òun ò mọ̀. Òun kàn rí i pé àwọn ọmọ náà ń gbọ́ òun lẹ́yìn tí òun ti sọ ọ́ tán, òun sì ránṣẹ́ ṣáájú.

Nígbà tí wọ́n lọ mu omi, Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi aṣọ nu idẹ ọ̀pá. A sọ̀rọ̀ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀, agbẹ́gilére. Kò sí bí èèyàn ṣe lè jókòó ní Ìkẹ́rẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kó má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ààfin Arinjalẹ̀, ọba Ìṣẹ̀, ló ti ṣiṣẹ́, Ọ̀gọ̀gà, ọba Ìkẹ́rẹ́, sì ránṣẹ́ pè é wá sí ìlú rẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ilẹ̀kùn kan nínú wọn, èyí tó fi Ọ̀gọ̀gà hàn lórí ìtẹ́ tí wọ́n sì gbé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ wá pàdé rẹ̀, lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní 1924. Kò padà wálé mọ́. Ilé ọnà ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù gbà á, wọ́n sì fi àga tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún dí i fún Ọ̀gọ̀gà. Ó ń dùn mí bí mo bá rántí.

Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ni pé àwọn agbẹ́gilére kì í bẹ̀rẹ̀ láti ojú àti imú. Ọ̀nà lílé ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, wọ́n á fi àáké lé orí, àyà àti ẹsẹ̀ jáde gàdàgbà lára igi. Lẹ́yìn náà ni àlétúnlé, tí etí àti ìka ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Dídán tẹ̀ lé e. Fínfín ló kẹ́yìn, tí ọ̀bẹ ń fín irun àti ilà ojú. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ fín kó tó lé, igi ló ń bàjẹ́. Bàbá tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó ní, "Wàá rí i báyìí."

Ohun tí mo rí ni ẹ̀kọ́ yíyí-sẹ́yìn. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 15 láti fi kọ́ àwọn ọmọ náà bí a ṣe ń yí sẹ́yìn lórí ìdúró. Ìlànà rẹ̀ kò ṣe é fò. Olùkọ́ á kọ́kọ́ ṣe é látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìsọ̀rọ̀, kí ojú rí odidi. Á wá gé e sí méjì. Ọ̀kan: gìgísẹ̀ ọ̀tún àti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì ló gbé ara yí gba ọwọ́ ọ̀tún, orúnkún méjèèjì nà, apá lẹ̀ mọ́ ìhà. Ó dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ṣì wà lẹ́yìn, kí àwọn ọmọ lè rí ibi tí ìwúwo ara wà. Méjì: ẹsẹ̀ òsì gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Á ṣàlàyé, á bi wọ́n léèrè, á jẹ́ kí wọ́n ṣe ọ̀kan nìkan, á wò, kí wọ́n tó ṣe méjì. Ìgbà tí méjèèjì bá dúró ló tó so wọ́n pọ̀, á sì fi kíka sáàárín wọn kí wọ́n má bàa sáré: ọ̀kan, méjì-mẹ́ta, ọ̀kan.

Ẹni kejì, ọkùnrin tí kò ga, dára gan-an níbí, ó yà mí lẹ́nu. Ó dúró síbi tí oòrùn ò ti sí lójú àwọn ọmọ. Ó yí ẹ̀gbẹ́ sí wọn nígbà tó ń ṣe é, kí wọ́n lè rí gìgísẹ̀. Nígbà tó béèrè ìbéèrè, gbogbo wọn ló kọ́kọ́ bi, ó dúró, ó wá nawọ́ sí ẹnì kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa sùn. Ọkùnrin tó ga ṣe odidi dáadáa, ó ṣe ọ̀kan, ó sì gbàgbé láti dúró. Ara rẹ̀ ti mọ́ ọn débi pé ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Bàbá wo ojú mi. Mo ti mọ ohun tó ń wí: ẹni yẹn ti fín, kò rántí ìgbà tó lé mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọmọ ìlà kẹta ṣẹlẹ̀.

Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bóyá ọmọ ọdún 13. Bí wọ́n bá ti ní kó yan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á bá ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ọwọ́ òsì á bá ẹsẹ̀ òsì. Gbogbo ẹni tó ti kọ́ ọmọdé ní yíyan ti rí irú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rìn bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń lọ ra epo. Ìbẹ̀rù ló ń so apá mọ́ itan. Ọkùnrin tó ga ló wà níwájú. Ó ké pè é, "Ìwọ! Ọwọ́ ẹ! Ọwọ́ ẹ!" Ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọwọ́ ẹlòmíràn lé lọ́wọ́. Ó tún le sí i. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé ọ̀pá sókè díẹ̀, ọkùnrin náà sì dákẹ́.

Obìnrin náà ló jáde síwájú. Kò pe orúkọ àṣìṣe náà rárá. Ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, lọ bá mi bi tísà yín lábẹ́ máńgòrò pé aago mélòó ló lù." Ọmọ náà lọ. Ó ń rìn bó ti máa ń rìn, ọwọ́ ọ̀tún ń bá ẹsẹ̀ òsì, ọkàn rẹ̀ wà lára ìbéèrè tí wọ́n rán an. Obìnrin náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì, ó ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́, "òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún," ohùn rẹ̀ ló sì ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọmọ. Ìyẹn ni mo rí tí mo fi gbé ìwé mi sílẹ̀. Ọmọ náà gba èsì, ó ń padà bọ̀, ohùn náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ga díẹ̀. Láàárín ọ̀nà, mi ò lè sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ohùn. Nígbà tó kù bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kó dé ìlà, obìnrin náà gbé ohùn sókè, ó pàṣẹ fún àwọn 23 tó kù, wọ́n gbéra lórí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì wọ àárín wọn bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀.

Bàbá ń wo ilẹ̀. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹsẹ̀ tí ọmọ náà fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà bọ̀, ó wọ̀n ọ́n. Ínṣì 27, 27, 28.

"Ọmọdé ni," ó ní. "Ó tó."

Oòrùn ti ga nígbà tí wọ́n bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì fún apá tó kẹ́yìn. Yíyan nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọlọ́pàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun là ń rí. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ti gba ipò èyí tó ti wà láti 1943, Òfin Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn ti 2015 sì wà, ẹni tí yóò kọ́ni gbọ́dọ̀ lè sọ wọ́n di ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí àwọn ọ̀dọ́ kún ojú títì káàkiri ilẹ̀ yìí nítorí ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe sí wọn, èmi kì í lè gbọ́ bí ọlọ́pàá ṣe ń kan ilẹ̀kùn kí n má fọkàn sí i. Mo sún mọ́ wọn.

Ọkùnrin olójú rírọ̀ ló kọ́ni. Kò ṣí ìwé. Ó fi ẹni kejì sínú kíláàsì pé kó jẹ́ bàbá arúgbó, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó sọ fún ọkùnrin tó ga pé: ọmọ bàbá yìí jí ọ̀kadà, lọ mú un. Ó kanlẹ̀kùn. Bàbá arúgbó jáde, ó ní ọmọ òun ò sí nílé.

"Ó dáa, ẹ̀yin ẹ wọlé sínú ọkọ̀. Bó bá gbọ́ pé a mú yín, á wá."

Olùkọ́ náà kò bá a wí. Ó yọ ìwé òfin ti 2015 nínú àpò, ó ṣí i sí abala keje, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní kó kà á sókè. Ó kà á: wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹni tí wọ́n fura sí. Ó tún un kà láìjẹ́ pé wọ́n ní kó tún un kà. "Padà lọ kanlẹ̀kùn." Ní ìgbà kejì, ó kanlẹ̀kùn, ó gbọ́ pé ọmọ ò sí, ó dúró, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Olùkọ́ tún dá a dúró síbẹ̀, ó pín in bí ìgbà tí wọ́n pín yíyí-sẹ́yìn: kí o fi ara rẹ hàn, kí o sọ ìdí tí o fi wá, kí o béèrè ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o dúpẹ́, kí o lọ. Ó jẹ́ kó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà karùn-ún, ọkùnrin gíga náà kanlẹ̀kùn, ó sún sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan kí ẹni tó fẹ́ jáde má bàa rí àyà rẹ̀ níwájú, ó bọ́ fìlà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ìyẹn. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú pé mo jí yín."

Ẹni kejì tó ń ṣe bàbá arúgbó gbàgbé ohun tó yẹ kó sọ. Gbogbo wọn dákẹ́ díẹ̀.

Wọ́n tú àwọn ọmọ ká ní bí aago mọ́kànlá. Bàbá kò sọ ẹni tí yóò dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá, mi ò sì bi í. Ó pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun kan tí yóò lọ ṣe títí di Sátidé tó ń bọ̀. Kí ẹni tó ga máa rìn lórí ihò, 20 lójúmọ́. Kí ẹni kejì fi èjìká sílẹ̀. Kí ẹni kẹta máa gbé ohùn jáde, torí ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ dára, kò sì tíì jáde tán. Nígbà tó kan obìnrin náà, ó na ọ̀pá sí i.

Kò tètè gbà á. Ó kọ́kọ́ yí ojú sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ibi tí ọmọ ìlà kẹta ń gbà lọ sílé pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, àpò ìwé ń lù ú lẹ́yìn. Bàbá náà yíjú síbẹ̀. Ọmọ náà ń jẹ nǹkan, ó ń sọ̀rọ̀, kò ronú ẹsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá ẹsẹ̀ òsì jáde. "Òsì," Bàbá ń kà lábẹ́ èémí, "ọ̀tún, òsì," títí ọmọ náà fi yà sẹ́yìn ògiri.

Nígbà náà ni obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀pá, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó dìde, ó fi àtàǹpàkò wá irin àárín. Kò rí i lẹ́ẹ̀kan. Ó wá a lẹ́ẹ̀kejì. Kẹ̀.